Ojú irin tó kú lẹ́yìn ilé wa: ṣé kí n fọwọ́ sí i kó di ọ̀nà kẹ̀kẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn Pennsylvania ni èmi àti baálé mi ń gbé láti ọdún 19 sẹ́yìn. Mo ń ta oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àárín ìlú. Ojú irin àtijọ́ kan gba ẹ̀yìn ilé wa. Wọ́n ti hú irin rẹ̀ lọ, igbó ló kù. Mo máa ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewúro sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà ooru. Bí òjò bá rọ̀ gan-an, omi máa ń ti ibẹ̀ ya wọ yàrá abẹ́ ilé wa. Lóṣù tó kọjá, ìjọba county, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, kọ lẹ́tà sí wa pé àwọn fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀nà ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́, kí á wá sí ìpàdé wá sọ tẹnu wa. Àdúgbò ti pín sí méjì: àwọn kan ní owó ló máa wọlé, àwọn kan ní olè ni. Baálé mi ní kí n má dá sí i. Ọ̀ffà ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀gbẹ́ rélùwéè ni mo dàgbà sí, ọ̀rọ̀ yìí sì ń jẹ mí lọ́kàn. Kí lẹ rí sí i? Ṣé irú rẹ̀ tilẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ nílé lọ́hùn-ún?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Iṣẹ́ ètò ìlú ni mo ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ti gun kẹ̀kẹ́ lórí irú ọ̀nà yìí títí ìdí fi fẹ́ bó, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kí baálé yín má bínú sí mi, ẹ dá sí i. Ẹ lọ sí ìpàdé yẹn. Bó bá jẹ́ èmi, màá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè títí wọ́n á fi mọ̀ pé mo wá.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà kì í mú owó wá fún ẹnikẹ́ni. Èèyàn ló ń mú un wá, ebi ló sì máa ń wà lára àwọn èèyàn ọ̀hún. Bí wọ́n bá gba ẹ̀yìn ilé yín kọjá láì mọ̀ pé ìlú wà lápá ọ̀tún, ìlú tó wà níwájú ni wọ́n á ti lọ jẹun.

Rail-trail ni wọ́n ń pe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀; tréèlì lásán ni màá máa pè é níhìn-ín. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nítòsí yín ni Great Allegheny Passage, tí àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ń pè ní GAP. Máìlì 150 ni gígùn rẹ̀, láti Cumberland ní Maryland dé Pittsburgh. Ní Cumberland, ó so mọ́ ọ̀nà etí omi C&O tí àwọn ìbaaka máa ń fa ọkọ̀ ojú omi lórí rẹ̀ láyé àtijọ́, èyí tí gígùn tirẹ̀ jẹ́ máìlì 184.5 títí wọ Washington. Èèyàn lè ti Pittsburgh gun kẹ̀kẹ́ dé olú ìlú Amẹ́ríkà, nǹkan bí máìlì 335, kó má sì bá mọ́tò jà lójú ọ̀nà. Apá tó pọ̀ nínú GAP jẹ́ ojú irin Western Maryland Railway, tí ọkọ̀ ti dáwọ́ dúró lórí rẹ̀ ní 1975. Máìlì mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ṣí ní Ohiopyle ní 1986. Èyí tó gbẹ̀yìn, tó wọ Pittsburgh, ṣí ní 2013.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọdún 27. Bí ẹnikẹ́ni ní ìpàdé yẹn bá sọ pé lọ́dún tó ń bọ̀ ni àlejò á máa tò síwájú ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ẹ béèrè ibi tí tréèlì náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa já sí. Máìlì mẹ́ta tí kò so mọ́ nǹkan kan dára fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó fún òwò. Ìgbà tó bá so mọ́ òmíràn ni àlejò á máa ti òkèèrè wá. Ó yẹ kí ẹ bi wọ́n ní gbangba bóyá wọ́n fẹ́ so ó mọ́ GAP tàbí mọ́ tréèlì mìíràn, àti ilẹ̀ ta ni ó wà láàárín.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rò nípa ojú irin, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Ọ̀ffà á tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè bí ewúrẹ́. Irin lórí irin máa ń yọ̀. Bí òkè bá ga jù, ńṣe ni táyà irin á máa yí lójú kan. Nítorí náà, níbi tí òkè bá wà, àwọn tó la ojú irin á gé e tàbí kí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti jìn, wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ sí i tàbí kí wọ́n fi afárá gba orí rẹ̀ kọjá. Bí ọ̀nà bá rin ẹsẹ̀ bàtà 100, kì í sábà gòkè ju ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì lọ. Gbogbo làálàá yẹn, owó tabua àti ẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́ tó bá a lọ, ti wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ibi tó nira jù lórí GAP ni láti Cumberland gòkè lọ sí ibi tí omi ti pín lórí òkè Allegheny, nǹkan bí máìlì 24, ibi tí gíga rẹ̀ jẹ́ 2,392 ẹsẹ̀ bàtà sókè òkun. Síbẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà méjì nínú 100. Tí ẹ bá ti dé orí rẹ̀, ńṣe ni ilẹ̀ á máa rọra dà sílẹ̀ títí Pittsburgh.

Kí ló kan ṣọ́ọ̀bù yín nínú èyí? Ó kàn án gan-an. Nítorí pé ọ̀nà náà tẹ́, kì í ṣe àwọn géńdé eléré ìdárayá nìkan ló ń gùn ún. Mo ti pàdé tọkọtaya tí wọ́n ti fẹ̀yìntì, wọ́n ń gùn ún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, máìlì 30 lóòjọ́, wọ́n ń dúró ya fọ́tò ìjàpá. Irú àwọn wọ̀nyẹn ní àkókò, wọ́n ní owó, wọn kì í sùn nínú àgọ́ bí wọ́n bá rí bẹ́ẹ̀dì. Oúnjẹ gbígbóná ni wọ́n ń wá.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2021 sọ pé ní 2019 nìkan, ohun tí GAP mú wọ ọrọ̀ ajé agbègbè tó gbà kọjá lé ní mílíọ̀nù 121 dọ́là. Àwọn alábòójútó ọ̀nà náà ló gbé iṣẹ́ ìwádìí yẹn síta, nítorí náà ẹ má gbé e mì láì jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ gé e sí méjì, kì í ṣe owó kékeré fún àwọn ìlú tí èédú àti irin ti já kulẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì sí yín ni pé owó yẹn kì í pín dọ́gba-dọ́gba sí máìlì 150. Ará àdúgbò tó wá gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan, omi ilé rẹ̀ ló gbé dání, ilé rẹ̀ náà ló ń padà sí. Ara líle ló gbà lọ, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ẹni tó máa sùn mọ́jú ló ń náwó: oúnjẹ alẹ́, oúnjẹ àárọ̀, bẹ́ẹ̀dì, ibi tí yóò ti fọ aṣọ, bíréèkì kẹ̀kẹ́ tó ti jẹ tán.

Ẹ wá mú àwòrán ilẹ̀, ẹ fi ìka wọ̀n ọ́n. Láti ibi tí àwọn èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ dé ìlú yín, máìlì mélòó ni? Bí ó bá jẹ́ nǹkan bí 15, oúnjẹ ọ̀sán ni tiyín. Wọ́n á jẹun, wọ́n á bọ́ sọ́nà. Bí ó bá jẹ́ 40, ó ti rẹ̀ wọ́n, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, oúnjẹ alẹ́ àti ibùsùn ni tiyín. Ẹni tó ní yàrá méjì tí àwọn ọmọ ti fi sílẹ̀ lọ lè rí nǹkan ṣe níbẹ̀. Mi ò tíì rí ẹnì kan tó ṣe ìṣirò kékeré yìí tó kábàámọ̀ rẹ̀, mo sì ti rí àwọn tó yá owó kọ́ ilé àlejò síbi tí kò sẹ́ni tí yóò sùn.

Láti 2007 ni ètò kan ti wà fún àwọn ìlú kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ GAP, Trail Town ni wọ́n ń pè é. Ohun tí wọ́n tètè rí ni pé ojú irin ń tọ àfonífojì, ó ń tẹ̀lé odò, nígbà tí ọjà àti òpópónà ìlú wà lókè. Ní Frostburg, ìsàlẹ̀ ni tréèlì wà. Ẹ gbọ́dọ̀ gun òkè kan tó ń gba èémí lẹ́nu kí ẹ tó dé àárín ìlú. Ní Ohiopyle, àárín ìlú gan-an ni ó gbà. Ní Meyersdale, ilé ìdúró ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n kọ́ ní 1912 ni wọ́n tún ṣe tí àlejò ń yà sí, tí wọ́n sì ń fi àwọn nǹkan àtijọ́ hàn níbẹ̀. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó ti rẹ̀ kò ní gun òkè láì mọ ohun tó wà lókè. Bí ẹ kò bá bèèrè ohun mìíràn ní ìpàdé yẹn, ẹ béèrè pé: láti ẹnu tréèlì dé òpópónà wa, ta ló máa ṣe ọ̀nà, ta ló máa ri pátákó, kí ni wọ́n sì máa kọ sí i?

Nígbà kan, mo wọ ìlú kékeré kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Òjò ti lù mí, ebi ń pa mí bí ẹni tó gbààwẹ̀. Ilé oúnjẹ mẹ́ta ló wà ní òpópónà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tì. Wọn kì í ṣí ní Mọ́ńdè àti Túsìdeè. Ẹ̀pà inú ọ̀rá ni mo rà nílé epo, mo jókòó sórí pèpéle mo jẹ ẹ́, mo sì ka ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ mọ́kànlá tó kọjá lójú mi láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Mọ́kànlá! Owó ń rìn kọjá, ilẹ̀kùn tì pa. Ẹni tó bá gbéra ní Pittsburgh ní Sátidé, Mọ́ńdè ló máa dé àárín ọ̀nà.

Fún oúnjẹ yín, ẹ má rò pé bọ́gà nìkan ni wọ́n ń jẹ. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ látàárọ̀ ń wá ìrẹsì, ó ń wá iyọ̀, ó ń wá ohun tó wúwo nínú. Jọ̀lọ́ọ̀fù á tà. Mọ́ínmọ́ín á tà ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí ó ṣeé fi sínú àpò kẹ̀kẹ́, kì í dà nù, kò sì béèrè ṣíbí. Ẹ gbé irin tí wọ́n ń so kẹ̀kẹ́ mọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, kó jẹ́ ibi tí ojú wọn á ti máa rí i bí wọ́n ṣe ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu omi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, nítorí kẹ̀kẹ́ oníná ti pọ̀ báyìí, ẹni tó ń ṣáàjì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò jókòó fún wákàtí kan, kò sì ní jókòó lásán.

Ṣùgbọ́n òwò onígbà ni o. Lórí GAP, ihò abẹ́ òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Big Savage, gígùn rẹ̀ jẹ́ 3,294 ẹsẹ̀ bàtà. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà òtútù, kí omi dídì má baà ba inú rẹ̀ jẹ́, wọn kì í sì í ṣí i títí di nǹkan bí oṣù kẹrin. Bí ọ̀nà yín kò tilẹ̀ ní ihò, yìnyín kan náà ló ń rọ̀ sí gbogbo yín. Ẹ má gba òṣìṣẹ́ ọdún gbogbo nítorí ọjà oṣù méje. Ẹ tún gbọ́ ti Damascus ní Virginia, ìlú tó jẹ́ pé Virginia Creeper, tréèlì máìlì 34 kan, ni ọ̀pọ̀ òwò ibẹ̀ ń jẹ lára rẹ̀: yíyá kẹ̀kẹ́, gbígbé àlejò gòkè lọ sí Whitetop kí wọ́n lè máa yọ́ bọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ìjì Helene mú kí omi gbá afárá àti ọ̀nà lọ láàárín Damascus àti Whitetop. Ìjì ọjọ́ kan ṣoṣo ló gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tí kò ní òwò mìíràn. Àwọn oníbàárà yín tó ti ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ yín tipẹ́, ẹ má gbàgbé wọn nítorí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́.

Ní tèmi, owó tilẹ̀ kọ́ ni àǹfààní tó tóbi jù. Àwọn ìlú kéékèèké Amẹ́ríkà, ẹ mọ̀ ọ́n, kò sí ibi tí èèyàn ti lè rìn. Ọ̀nà kò ní etí, mọ́tò ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Dókítà á ní kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, níbo ló fẹ́ rìn sí? Bí tréèlì bá gba ẹ̀yìn ilé, ìyá á gbé ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ ìkókó, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ á jáde, ọmọ ọdún mẹ́fà á kọ́ kẹ̀kẹ́ láìsí pé ọkàn ìyá rẹ̀ ń já. Ẹ máa rí aládùúgbò tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀ rí láti ọdún 19. Èyí kì í hàn nínú ìwé ìṣirò owó.

Ti olè. Ìbẹ̀rù yẹn wà ní gbogbo ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe tréèlì, mi ò sì ní fi àwọn tó ń bẹ̀rù ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Seattle, wọ́n ṣí tréèlì Burke-Gilman ní 1978, ìlú náà sì ṣe ìwádìí ní 1987: olè jíjà kò pọ̀ sí i nítorí rẹ̀. Ní 1998, Rails-to-Trails Conservancy, ẹgbẹ́ tó ń jà fún irú ọ̀nà wọ̀nyí, wádìí lórí tréèlì 372, wọ́n ní ìwà ọ̀daràn kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Àwọn náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni pé igbó tó wà lẹ́yìn ilé yín báyìí gan-an ni olè fẹ́ràn, nítorí kò sẹ́ni tí ń kọjá. Bí ìyá àgbà kan bá ń fa ajá rẹ̀ kọjá ní agogo méje àárọ̀, tí ẹlòmíràn ń kọjá ní agogo mẹ́jọ, ojú ti pọ̀. Olè tó fẹ́ gbé tẹlifíṣọ̀n yín kò ní gbé e sórí kẹ̀kẹ́.

Wàhálà tó máa wà lóòótọ́ kéré ju olè lọ, ó sì ń bí èèyàn nínú ju olè lọ. Àwọn àlejò á páàkì mọ́tò síwájú géètì yín. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá á máa wo inú ilé ìdáná yín. Ẹ béèrè ibi tí páàkì yóò wà, ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yóò wà, àti bóyá wọ́n á gbin igi tàbí kí wọ́n ṣe ọgbà fún ilé tó bá fara kàn án. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Iye owó ilé ńkọ́? Ìwádìí Seattle yẹn rí i pé àwọn ilé tó wà nítòsí tréèlì, tí kò fara kàn án, ń tà ní nǹkan bí 6 nínú 100 ju àwọn mìíràn lọ. Dídùn nìyẹn fún ẹni tó ni ilé, kíkorò fún ẹni tó háyà. Ní Chicago, tréèlì 606 tí kò ju máìlì 2.7 lọ ṣí ní 2015, owó ilé fò sókè lápá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ títí ìgbìmọ̀ ìlú fi gbé owó lé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wó ilé tó wà níbẹ̀ ní 2021. Ní Atlanta, ibi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, BeltLine yóò yí ìlú ká ní máìlì 22 lórí ojú irin àtijọ́. Ryan Gravel ló gbèrò rẹ̀ nínú ìwé àṣejáde yunifásítì rẹ̀ ní 1999. Ní 2016, òun fúnra rẹ̀ kúrò nínú ìgbìmọ̀ kan tó ń ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn, nítorí ó ní wọn kò ṣe tó nípa ilé tí agbára mẹ̀kúnnù ká. Bàbá ọmọ ló sọ pé ọmọ ń hùwà tí kò dára! Ìlú yín kì í ṣe Atlanta. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń háyà ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ lọ bá onílé tún àdéhùn ṣe fún ọdún márùn-ún kí tréèlì tó ṣí. Kí ẹ tó lọ sí ìpàdé, bí ó bá ṣeé ṣe.

Ó ku ìwé ilé yín. Láyé ìgbà tí wọ́n la ọ̀pọ̀ ojú irin Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ rélùwéè kì í fi gbogbo ìgbà ra ilẹ̀. Níbòmíràn, ẹ̀tọ́ láti gba orí ilẹ̀ olóko kọjá nìkan ni wọ́n rà. Bí ọkọ̀ bá dáwọ́ dúró pátápátá, ilẹ̀ á padà sọ́wọ́ olóko tàbí ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1983, ilé aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin kan, railbanking ni wọ́n ń pè é: bí ẹnì kan bá gbà láti lo ojú irin fún tréèlì, òfin á kà á sí pé ojú irin náà ń sùn ni, kò kú, wọ́n sì lè jí i lọ́jọ́ kan. Tọkọtaya kan láti Vermont gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 1990, ilé ẹjọ́ ní òfin náà dúró, ṣùgbọ́n onílẹ̀ tó bá pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè béèrè owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ní 2014, ilé ẹjọ́ kan náà tún dá onílẹ̀ kan ní Wyoming láre, ní ti irú ẹ̀tọ́ ọ̀nà kan tí ìjọba àpapọ̀ fún rélùwéè lábẹ́ òfin 1875.

Nítorí náà, ẹ yọ ìwé ilé jáde, ẹ wo ibi tí ààlà yín dé. Ẹ bi county pé: ṣé railbanking ni, àbí ojú irin náà ti kú lábẹ́ òfin? Ìdáhùn méjèèjì kò jọra fún yín. Bí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ lọ́yà kan tí ẹ kò mọ̀ bá bọ́ sínú àpótí yín pé òun á gba owó fún yín, ẹ má tíì buwọ́ lù ú; lọ́yà tí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín wá ni kó kọ́kọ́ kà á. Ìjọba àpapọ̀ ló ń san owó yẹn, kì í ṣe county, nítorí náà béèrè rẹ̀ kò sọ yín di ọ̀tá tréèlì.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ tẹ̀tẹ̀ yẹn dúró ná. Láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti ń fín oògùn tí ń pa koríko sí ojú irin, òmíràn nínú rẹ̀ sì ní oró arsenic. Wọ́n ń da eérú èédú síbẹ̀. Àwọn igi ìdábùú tí irin ń sùn lé máa ń mu òróró dúdú tí kì í jẹ́ kí ikán jẹ wọ́n, òróró yẹn náà kì í ṣe ohun jíjẹ. Ilẹ̀ kì í tètè gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ kó ewúro sínú ìkòkò pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ tí ẹ rà, kí ẹ sì ní kí county fi èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ han gbogbo àdúgbò kí kátápílà tó dé. Òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n dà sórí GAP. Irú ìbòrí bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, ó sì dínwó ju ọ̀dà lọ.

Ní ti Ọ̀ffà, ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ ni. Tréèlì wà fún ojú irin tó ti kú tí kò sí ẹni tó ń retí àjíǹde rẹ̀. Ojú irin kékeré tiwa, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,067 mílímítà láti Èkó gba Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ọ̀ffà lọ sí Kano, kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Irin tuntun ti wà láti Èkó dé Ìbàdàn láti 2021, àwọn ará òkè sì ń retí tiwọn. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ ibi tó lè tún gbé iṣu àti màlúù di ọ̀nà ìgbafẹ́. Ilé àtijọ́ ibẹ̀ ni mo lè bá wọn dá sí. Ní ọgbà rélùwéè Ẹbúté Mẹ́tta, wọ́n tún ilé Jaekel ṣe, ó sì di ibi tí èèyàn ti ń wo ìtàn rélùwéè Nàìjíríà. Irú ìyẹn yẹ Ọ̀ffà.

Ní ìparí ìpàdé, nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti ń kó àga, ẹ ṣì ní ìbéèrè kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé padà sílé: ta ló máa gé koríko ní ọdún kẹwàá? Owó kíkọ́ rọrùn láti rí, gómìnà á wá gé rìbọ́ọ̀nù. Lórí GAP, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ní ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ọ̀pọ̀ ìtọ́jú, wọ́n ń gbé igi tó wó, wọ́n ń kó ìdọ̀tí. Bí county kò bá ní orúkọ ẹgbẹ́ kan àti iye owó kan lọ́wọ́ fún èyí, wọn kò tíì múra tán.

Kí ẹ sì mú baálé yín dání. Omi tó ń ya wọ yàrá abẹ́ ilé yín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé páìpù àtijọ́ tó gba abẹ́ ojú irin kọjá ló ti dí. Owó tréèlì yìí ni ẹ lè fi tún un ṣe láì san kọ́bọ̀, bí ẹ bá sọ ọ́ kí wọ́n tó parí àwòrán iṣẹ́. Òun ló mọ ibi tí omi ń gbà àti iye ìgbà tó ti wọlé. Kó lọ wá àwọn fọ́tò ìgbà tí omi wọlé yẹn nínú fóònù rẹ̀, kó tẹ̀ wọ́n jáde lórí bébà, kí ẹ fi lé ọwọ́ ẹnjiníà wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an.